Bàbá Oníná àti Ẹ̀bi Bátìrì Aránṣọ

Ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀lé ìparí ìdánwò àṣejáde mi ni mo kọ́kọ́ pàdé Bàbá Oníná. Mo jókòó sí ẹnu géètì ilẹ̀ màmá mi, mo ń fi páálí fẹ́ ara mi, nígbà tí bọ́ọ̀sì gígùn kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ eérú rọra yà wọlé. Ọkùnrin tí ó wà nídìí ọkọ̀ náà kò fọn fèrè. Ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀kalẹ̀, ó kí mi dáadáa bí ẹni pé ẹgbẹ́ rẹ̀ ni mí, ó sì bi mí ní ìbéèrè kan tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí.

"Ọmọ mi, apá ibo ni atẹ́gùn sábà máa ń fẹ́ sí níbí?"

Mo ní n kò mọ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó bẹ̀rẹ̀, ó já koríko gbígbẹ díẹ̀, ó fọ́n ọn sókè, ó sì wo ibi tí ó bọ́ sí.

"Ó yẹ kí n mọ̀ kí n tó dúró," ni ó wí. "N kò fẹ́ kí èéfín jẹnẹrétọ̀ mi máa wọ ojú fèrèsé ẹlòmíràn."

Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ohun tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ kì í ṣe ìyìn nìkan. N kò fẹ́ kí òǹkàwé ka ohun tí ó ṣe lẹ́yìn náà tán kí ó sì rò pé ènìyàn burúkú ni. Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ìtìjú ló mú un, ó sì mú un pẹ́.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ilẹ̀ wa díẹ̀. Àwọn tí ó ń gbé inú ọkọ̀ ni màmá mi ń gbà sórí ilẹ̀ rẹ̀. Ọkọ̀-ilé ni à ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀: bọ́ọ̀sì tàbí ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n ti tú àwọn àga inú rẹ̀ kúrò, tí wọ́n gbé ibùsùn, sítóòfù àti fíríìjì kékeré sí i. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kì í dúró sójú kan ló ń gbé e. Bí iṣẹ́ bá parí níhìn-ín, yóò wa ilé rẹ̀ lọ sí ibi tí iṣẹ́ tún wà. A ní ẹ̀rọ omi, ilé ìwẹ̀ àti yàrá ìfọṣọ, ṣùgbọ́n iná mànàmáná wa kò tó fún gbogbo wọn. Nítorí náà olúkúlùkù ló ní bátìrì lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Bátìrì ni ó ń tan iná, tí ó ń yí fáànù, tí ó sì ń mú fíríìjì tutù. Bí ó bá ti rẹ bátìrì, wọn a so ṣájà mọ́ ọn, wọn a sì fi jẹnẹrétọ̀ fún ṣájà náà ní iná.

Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ kì í dákẹ́. Ní àkókò kan, ẹnì kan máa ń tan tirẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, orí fọ́ gbogbo ayé. Màmá mi wá ṣe òfin pé wákàtí kan ní àárọ̀ àti wákàtí kan ní ìrọ̀lẹ́ ni kí gbogbo jẹnẹrétọ̀ jọ máa dún, lẹ́yìn èyí, kí ilẹ̀ parọ́rọ́. Wákàtí Ariwo ni wọ́n sọ ọ́. Nígbà tí ènìyàn kò ti lè gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú ọkọ̀, gbogbo wọn a jáde wá síbi ẹ̀rọ omi pẹ̀lú ife tíì àti búrẹ́dì, wọn a máa pariwo síra wọn lójú, wọn a sì máa rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni a ti ń gbọ́ gbogbo ìròyìn.

Níbẹ̀ náà ni Bàbá ti gba orúkọ rẹ̀. Awakọ̀ akẹ́rù ni ó jẹ́ ní gbogbo ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní iṣẹ́ iná; abẹ́ ọkọ̀ ni ó ti kọ́ ọ, ní ẹ̀gbẹ́ títì, nígbà tí iná iwájú bá kú tí kò sì sí ìlú nítòsí. Nígbà tí ó fẹ̀yìn tì, òun àti ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ ara wọn sọ bọ́ọ̀sì náà di ilé. Wáyà inú rẹ̀ tò bí irun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Bí iná ẹnikẹ́ni bá kú, òun ni wọ́n ń pè, kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn, àfi bóyá ife tíì.

Ohun tí wọ́n sì máa ń bi í jù ni irú jẹnẹrétọ̀ tí ó yẹ kí wọ́n rà. Ó ní òfin kan fún un, tọmọdé tàgbà ilẹ̀ wa ló mọ̀ ọ́n.

"Bátìrì mélòó lo ní?" ni yóò bi ẹni náà.

"Mẹ́rin, Bàbá."

"Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta wáàtì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin jẹ́ ẹgbàá. Lọ ra ẹgbàá."

Ó rọrùn, ó sì dùn ún gbọ́. Òun alára ní bátìrì méjì, ó sì ní jẹnẹrétọ̀ kékeré ẹlẹ́gbẹ̀rún wáàtì kan tí ó ṣeé fi ọwọ́ kan gbé. Jẹnẹrétọ̀ náà kì í kọṣẹ́ láé. Ìyẹn ni ẹ̀rí rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó tún béèrè ẹ̀rí mìíràn.

Nígbà tí ó yá ni Àǹtí Aránṣọ dé. Obìnrin kan ṣoṣo ni, nínú bọ́ọ̀sì kékeré, pẹ̀lú ẹ̀rọ ìránṣọ oníná tí ó gbé ka ibi tí àga ẹ̀yìn ọkọ̀ wà tẹ́lẹ̀. Ó ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ilé ìwòsàn kan ní ìlú láti rán aṣọ iṣẹ́ tuntun fún gbogbo nọ́ọ̀sì wọn. Iṣẹ́ ńlá ni. Ó sọ fún màmá mi pé bí òun bá ṣe é dáadáa, wọn yóò máa fún òun ní ti ọdọọdún, òun yóò sì lè dúró sójú kan fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ àtijọ́ tí ó gbé wá kú lọ́wọ́ rẹ̀. Ní Wákàtí Ariwo, ó tọ Bàbá Oníná lọ.

"Bàbá, ẹ bá mi yan jẹnẹrétọ̀. Ṣájà tuntun ni mo ní o. Ẹni tó tà á fún mi ní ó máa ń yára mú bátìrì kún."

"Ṣájà kò kàn mí. Bátìrì mélòó?"

"Méjì ni, sà."

"Ẹgbẹ̀rún kan. Irú tèmi yìí gan-an. Kò wúwo, kò pariwo, kì í mu epo bí ọ̀mùtí."

Àǹtí wo jẹnẹrétọ̀ kékeré náà. "Ṣé kò ní kéré jù báyìí?"

"Ìwọ aránṣọ lo ń béèrè ìyẹn? Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, ṣé adìẹ lè gbé e mì?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, Àǹtí náà rẹ́rìn-ín, ó sì lọ ra ẹlẹ́gbẹ̀rún kan.

Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni jẹnẹrétọ̀ náà kò ti gbà. Àǹtí fa okùn rẹ̀, ó dáhùn. Ó so ṣájà mọ́ ọn, ó kérora bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù lé lórí, iná pupa tàn lójú rẹ̀, kò sì fún ṣájà ní nǹkan kan mọ́ bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì náà ṣì ń yí. Bàbá wá wò ó.

"Kí lo tún so mọ́ ọn?"

"N kò so nǹkan kan mọ́ ọn, sà."

"Pa fíríìjì."

"Mo ti pa á."

"Pa fáànù."

"Bàbá, fáànù kò sí lórí rẹ̀ rárá."

Bàbá họ orí. "Àlejò ni. Jẹ́ kó mọ ilé ná."

Jẹnẹrétọ̀ náà kò mọ ilé. Bí Àǹtí bá pa á tí ó tún un tàn, yóò gba ṣájà díẹ̀, yóò sì tún kọ̀. Bí Wákàtí Ariwo bá fi parí, ìwọ̀nba iná tí ó bá wọ inú bátìrì rẹ̀ kì í tó rán apá aṣọ kan. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ láti géètì: yóò sáré, yóò rọra, yóò sì dákẹ́ láàárín ojú rírán. Bátìrì tí ebi ń pa lójoojúmọ́ kì í pẹ́ bàjẹ́. Kò pẹ́ tí méjèèjì fi kú, tí wọn kò sì gba nǹkan kan mọ́. Ọjọ́ tí ó yẹ kí aṣọ jáde kò sì dúró de ẹnikẹ́ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, bí jẹnẹrétọ̀ ṣe ń dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, awakọ̀ ilé ìwòsàn náà wọlé. Ó ní mátíróònù ní kí òun wá kó gbogbo aṣọ, èyí tí a ti rán àti èyí tí a kò tíì rán. Gbogbo wa wà níbẹ̀ pẹ̀lú ife lọ́wọ́. Àǹtí Aránṣọ yíjú sí Bàbá Oníná. Ohùn rẹ̀ kò le rárá.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn pé iná ni kò jẹ́ kí n parí. Ẹ̀yin lẹ sáà bá mi yan jẹnẹrétọ̀ yẹn."

Ẹ̀bẹ̀ ni ó ń bẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá gbọ́ ọ bí ẹ̀sùn. Mo rí i bí ọrùn rẹ̀ ṣe le. Gbogbo ènìyàn ń wò ó, kò sì sí ẹni tí ó tíì wò ó bẹ́ẹ̀ rí lórí ọ̀rọ̀ iná.

"Èmi? Bátìrì méjì ni mo ní. Méjì lo ní. Jẹnẹrétọ̀ kan náà ni. Tèmi ń ṣiṣẹ́, tìrẹ kò ṣiṣẹ́. Ta ló yẹ ká bi?"

"Bàbá, n kò mọ̀, ìdí tí mo ṣe..."

"Áyọ́ọ̀nù lo ń fi bátìrì lò! Aṣọ tó gún báyẹn, ta ló ń lọ̀ ọ́? Áyọ́ọ̀nù ló pa bátìrì rẹ."

"Ilé ìwòsàn ló ń lọ aṣọ wọn fúnra wọn. N kò ní áyọ́ọ̀nù rárá."

"Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?" Bàbá bi awakọ̀ náà.

"Èmi? Wọ́n ní kí n wá kó aṣọ ni," awakọ̀ náà dáhùn. "N kò mọ ti áyọ́ọ̀nù."

"Ẹ ò rí i? Bátìrì kì í purọ́, ènìyàn ló ń purọ́."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Wẹ́dà ni, ọkùnrin tí ó ń jó irin mọ́ irin níbi afárá tí wọ́n ń kọ́. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. "Ìyá Áyọ́ọ̀nù!" ni ó pè é, orúkọ náà sì lẹ̀ mọ́ ọn láti ọjọ́ náà. Àǹtí kẹ̀yìn sí wọn. Ó wọ inú ọkọ̀ rẹ̀, ó kó aṣọ náà jáde, ó ká wọn lé ara wọn bí ẹni pé wọ́n ti parí, ó sì kó wọn fún awakọ̀ náà.

Àwọn àgbà ní ẹyin lohùn. Mo ti kọ òwe yìí sínú àròkọ rí, olùkọ́ sì fún mi ní máàkì lórí rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò mọ bí ó ṣe ń rí títí di ọ̀sẹ̀ náà. Àwọn tí wọ́n ń gbé aṣọ fún Àǹtí láti tún ṣe kò gbé e fún un mọ́. Bí ó bá wá pọn omi, ọ̀rọ̀ á dákẹ́. Ó wa ọkọ̀ rẹ̀ kúrò láàárín wa, ó lọ dúró sí igun ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi, kò sì jáde sí Wákàtí Ariwo mọ́. Kò pẹ́ tí ìròyìn fi kàn pé ó fẹ́ kúrò.

Nígbà náà ni ṣájà Bàbá Oníná jóná. Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kéré. Díẹ̀díẹ̀ ni ó máa ń fún bátìrì ní iná. Ó lọ sí ìlú, irú èyí tí wọ́n ń tà nísinsìnyí ni wọ́n fún un. Ṣájà ayára ni. Irú ti Àǹtí Aránṣọ ni.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tí ó kọ́kọ́ so ó mọ́ jẹnẹrétọ̀ rẹ̀, nítorí mo wá dá abọ́ padà fún ìyàwó rẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ náà kérora. Iná pupa tàn. Kí Bàbá tó wo jẹnẹrétọ̀, ó kọ́kọ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì. Kò rí mi, mo wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà ni ó fa aṣọ ìnura kúrò lórí okùn, ó sì fi bo iná pupa náà.

Ó ti mọ̀ nígbà náà. Ẹni tí kò mọ̀ kì í wá aṣọ láti fi bo nǹkan.

Láti ọjọ́ kejì ni Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra búrẹ́dì. Ní àárọ̀, yóò ní kí ìyàwó òun kó abọ́ kúrò lórí tábìlì, yóò tú okùn aṣọ, yóò sì wa odindi ilé rẹ̀ jáde lọ sí títì, nítorí pé ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ń fún bátìrì ní iná díẹ̀ bí ó bá ń lọ. Yóò padà dé pẹ̀lú búrẹ́dì kan lábẹ́ apá. Ní ìrọ̀lẹ́, búrẹ́dì tún tán.

"Ènìyàn méjì!" ìyàwó rẹ̀ pariwo lọ́jọ́ kan, pẹ̀lú ìkòkò lọ́wọ́. "Ènìyàn méjì, eyín wa kò pé, búrẹ́dì mélòó là ń jẹ? Bàbá yìí, ṣé o ti ń fẹ́ oníbúrẹ́dì ni?"

"Mo fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná ni."

"Kó gbóná fún kí ni? Òtútù mú un?"

Wẹ́dà náà kò dákẹ́. "Bàbá Oníná ti di Bàbá Oníbúrẹ́dì o! Sà, ẹ bá wa mú ọ̀kan tó rọ̀ bọ̀!" Bàbá á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín rẹ̀ kì í dé ojú.

Ó yí padà. Kì í lọ káàkiri mọ́. Tọkọtaya kan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wá bá a, wọ́n ní kí ó wá ka bátìrì àwọn. Ó ní ojú ń dun òun, ó sì ti ilẹ̀kùn. Bí ó bá fẹ́ lọ wẹ̀, ó máa ń gba ẹ̀yìn yàrá ìfọṣọ kí ó má baà kọjá níwájú ọkọ̀ Aránṣọ. Mo ti kọ́ ní ilé ìwé pé ìtìjú ni ó ń mú kí ènìyàn hùwà rere. Mo rí i nísinsìnyí pé ìtìjú kan náà lè máa rán àgbàlagbà lọ ra búrẹ́dì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ó wá bá mi ní géètì. Ó jókòó. Ó gbé ṣájà tuntun náà lé orí ẹsẹ̀.

"Ọmọ mi, ṣé Aránṣọ ti sọ ìgbà tó ń lọ fún màmá rẹ?"

"Ó ní òpin oṣù yìí ni, sà."

"Ó ṣì kù díẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó yí ẹ̀yìn ṣájà náà sí mi, ó fi ìka tọ́ka sí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin rẹ̀. "Ka ìyẹn. Iye wáàtì tó ń fà nìyẹn, bí bátìrì bá ṣófo tí ebi sì ń pa á. Ó ju ẹgbẹ̀rún lọ dáadáa. Jẹnẹrétọ̀ ẹlẹ́gbẹ̀rún kò lè gbé e. Kò lè gbé e láéláé."

Mo kà á. Ọ̀rọ̀ náà yé mi díẹ̀díẹ̀. "Bàbá, a jẹ́ pé Àǹtí kò..."

Ó gbé ọwọ́ sókè. "Má parí rẹ̀. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, má parí rẹ̀."

Mo nawọ́ sí igun ẹ̀yìn. "Ẹ lọ sọ fún un, sà. Igun ọ̀hún kò jìnnà."

"Kì í ṣe ní igun ni mo ti bú u. Níbi ẹ̀rọ omi ni, níwájú gbogbo ayé. Bí mo bá lọ bẹ̀ ẹ́ ní ìkọ̀kọ̀, Ìyá Áyọ́ọ̀nù náà ni yóò máa jẹ́. Ibi tí mo ti bú u ni mo gbọ́dọ̀ ti sọ ọ́."

"Nígbà wo wá ni, sà?"

"Lọ́la."

Òótọ́ ni ohun tí ó sọ nípa ibi tí ó yẹ kí ó ti sọ ọ́. Mo sì gbàgbọ́ pé ó ní in lọ́kàn. Ṣùgbọ́n lọ́la dé, ó jáde pẹ̀lú ife tíì rẹ̀, ó dúró láàárín wọn, ó wúkọ́, gbogbo wọn yíjú sí i, ó sì bi Wẹ́dà bóyá táyà ọkọ̀ rẹ̀ ṣì ń jo. Ní ọjọ́ tí ó tẹ̀lé e, ó tún wúkọ́, ó sì sọ̀rọ̀ nípa òjò. Ìyàwó rẹ̀ fún un ní oyin, ó rò pé ọ̀fun ni.

Ọjọ́ tí èsì ìdánwò wa jáde, mo lọ sí ìlú láti wò ó. Mo yege. Bí mo ṣe ń padà bọ̀ ní ìrọ̀lẹ́, Wákàtí Ariwo ti fẹ́ parí, mo sì rí Bàbá Oníná tí ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí a ti lọ̀, tí ó ya irun rẹ̀, tí ó dúró ṣinṣin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ọjọ́ náà ni. Jẹnẹrétọ̀ tí ó kẹ́yìn dákẹ́.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi," ni ó wí. "Mo ní ọ̀rọ̀ kan. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ ọ́ lẹ́yìn ẹni tó ni ín. Ẹ bá mi pe Aránṣọ wá."

Àwọn ènìyàn wo ara wọn. Màmá mi ni ó dáhùn, tí ó ń nu ọwọ́ rẹ̀.

"Aránṣọ kẹ̀? Ó ti lọ láàárọ̀. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń dún, ta ni yóò gbọ́ ọkọ̀ rẹ̀? Ó fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìwẹ̀. Mo ní, 'Àbúrò mi, ìwọ lo ní òpin oṣù, kí ló dé?' Ó ní, 'Ìyá, ilẹ̀ yín dára. Ẹnu àwọn tó wà lórí rẹ̀ ni n kò lè gbé láàárín rẹ̀ mọ́.'"

Bàbá Oníná kò mira. N kò rí àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ṣófo bẹ́ẹ̀ rí. Mo rò pé yóò padà sínú ọkọ̀ rẹ̀, nítorí kò sí ohun tí ó tún ń lé e: ẹni tí a ṣẹ̀ ti lọ, ẹnikẹ́ni mìíràn kò sì mọ̀ àfi èmi. Ṣùgbọ́n ó sọ ọ́.

"Jẹnẹrétọ̀ tí mo yàn fún un kò tó. Kì í ṣe òun ló ba bátìrì rẹ̀ jẹ́. Èmi ni."

"Bàbá, báwo ni yóò ṣe jẹ́ ẹ̀yin?" ni ẹnì kan wí. "Tiyín sì ń ṣiṣẹ́."

"Ó ń ṣiṣẹ́ nígbà kan ni, torí ṣájà mi àtijọ́ kì í jẹun púpọ̀. Ẹ gbọ́. Ọmọ ni bátìrì. Ìyá tó ń fún un lọ́mú ni ṣájà. Jẹnẹrétọ̀ ni ẹni tó ń gbọ́ bùkátà ìyá. Èmi ń ka ọmọ ni, n kò wo bí ìyá ṣe ń jẹun sí. Ìyá ti Aránṣọ ń jẹun gan-an. Ó sọ fún mi. Ó ní ṣájà tuntun lòun ní, mo ní ṣájà kò kàn mí. Ó ti pé ọjọ́ mélòó kan tí tèmi náà ti kọ̀, irú tirẹ̀ gan-an, mo fi aṣọ bò ó. Mo ń wa ọkọ̀ lọ ra búrẹ́dì."

Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Áyọ́ọ̀nù tí mo sọ," ni ó wí, "inú ẹnu mi ni mo ti rọ ọ́. N kò rí áyọ́ọ̀nù kankan."

Wẹ́dà fẹ́ fi ẹ̀rín gbà á sílẹ̀. "Ó tó, Bàbá. Ẹni tó lọ ti lọ. Ẹ jókòó, ẹ mu tíì."

"Má fún mi ní tíì. Èmi ni mo rọ áyọ́ọ̀nù, ìwọ ni o gbé e kiri."

Wẹ́dà wo ilẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì Bàbá fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé ìwòsàn náà. Mátíróònù gbọ́ ọ, ó sì sọ fún un pé wọ́n ti gbé iṣẹ́ náà fún aránṣọ mìíràn. Nípa áyọ́ọ̀nù, ó ní yàrá ìlọṣọ wọn ló ń lọ gbogbo aṣọ, láti ìgbà tí a ti kọ́ ilé náà. "Bí ẹ bá bi wá, à bá ti sọ fún yín," ni ó wí. Ọ̀rọ̀ yìí ni Bàbá gbé padà wálé. Ìyàwó rẹ̀ ní kò jẹun ní ọjọ́ náà, ó ń tún un sọ fún ara rẹ̀: bí ẹ bá bi wá.

A pe nọ́ńbà tí Àǹtí fi sílẹ̀ fún màmá mi. Kò lọ. A tún un pè lọ́pọ̀ ìgbà, kò lọ rárá.

Bàbá Oníná ṣì wà pẹ̀lú wa. Ó ti ra jẹnẹrétọ̀ tí ó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, èyí tí ṣájà rẹ̀ kò lè mú kérora. Bí àlejò bá wá bi í ní irú èyí tí ó yẹ kí òun rà, yóò kọ́kọ́ ní kí ó yí ẹ̀yìn ṣájà rẹ̀ sí òun. Yóò ka iye wáàtì tí ó ń fà, yóò sì ní kí ó ra èyí tí ó jù ú lọ dáadáa, kí ó má baà máa fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ó tó sọ ìyẹn, yóò sọ ìtàn Aránṣọ fún un, pẹ̀lú ojú nílẹ̀, láìyọ aṣọ ìnura kúrò nínú rẹ̀, láìyọ búrẹ́dì. Ó ti sú àwọn kan. Màmá mi sọ fún un pé ó tó. Ó ní, "Kò tíì tó, ìyá mi. Òun kò tíì gbọ́."

Òun ni ó ní kí n kọ èyí, nítorí ó gbọ́ pé mo yege nínú èdè. Ó ní kí n má ṣe dá òun láre. Mo ti gbìyànjú.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín. Bí ẹ bá pàdé obìnrin kan tí ó ń rán aṣọ nínú bọ́ọ̀sì kékeré aláwọ̀ ìyeyè, tí ó ga, tí ó rọra ń sọ̀rọ̀, tí píìnì kan sì sábà máa ń wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kódà nígbà tí kò bá rán nǹkan, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún un pé Bàbá Oníná ti sọ ọ́ níwájú gbogbo wa: kò sí áyọ́ọ̀nù, kì í sì ṣe ẹ̀bi rẹ̀.